Àǹtí Ti-Parí àti Ìlà Tí Kò Kà

Wọ́n ní obìnrin kan wà ní ilé iṣẹ́ kọ́tìnì kan, tó jẹ́ pé bí ó bá ti fi àtàǹpàkò kan orúkọ rẹ lójú fóònù rẹ̀, o ti dàwátì nìyẹn. Wọn ò ní rí bàtà rẹ pàápàá. Wọ́n ní ó ti máàkì ọlọ́dẹ ẹnu ọ̀nà bẹ́ẹ̀, àga tí ọkùnrin náà jókòó sí nìkan ló ṣẹ́ kù, àga ọ̀hún sì ń gbóná títí di ọjọ́ kejì. Wọ́n ní ó máàkì ológbò ilé iṣẹ́, igbe ológbò náà nìkan ló wá ń rìn kiri láàárín ìdì aṣọ. Àwọn oníbàárà tó gbọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fi orúkọ aládùúgbò wọn rán kọ́tìnì.

Irọ́ ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ọlọ́dẹ rí iṣẹ́ tó sàn ju ti wọn lọ ni, kò sì dágbére fún ẹnikẹ́ni. Ológbò náà lọ bímọ sí ẹ̀yìn ìdì aṣọ ni. Àmọ́ ìdajì kan wà nínú ọ̀rọ̀ náà tó jẹ́ òótọ́, ìdajì yẹn ló sì ń jẹ obìnrin náà lọ́kàn.

Àǹtí Ti-Parí ni wọ́n ń pè é. Òun ni akọ̀wé ilé iṣẹ́ náà. Yàrá rẹ̀ wà lókè àtẹ̀gùn, ibi tí wọ́n ti ń ránṣọ wà nísàlẹ̀. Baba Fèrèsé ló máa ń lọ wọn fèrèsé nílé àwọn oníbàárà. Bí ó bá ti mú ìwọ̀n bọ̀, akọ̀wé á kọ ọ́, á sì fi ránṣẹ́ sí Alábẹ́rẹ́, olórí àwọn aránṣọ.

Alábẹ́rẹ́ yìí ni ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ìgbà tí àwọn méjèèjì ṣì ní ìbàdí tínínrín ni wọ́n ti jọ ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Wọ́n ti pọn ọmọ ara wọn. Láyé ìgbà yẹn, bí Alábẹ́rẹ́ bá fẹ́ mọ̀ bóyá kọ́tìnì ẹnì kan máa kan ilẹ̀ tàbí kò ní kan ilẹ̀, àfi kó gun àtẹ̀gùn wá. Ìbéèrè náà ò gùn ju kí èèyàn sín lọ. Ìdáhùn rẹ̀ ló máa ń jẹ odindi ọ̀sán: ti ọkọ, ti ọmọ, ti orúnkún tó ń dunni, ti aládùúgbò tó ra fìríìjì sílé tí kò ní iná. Bẹ́ǹṣì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé akọ̀wé tí ìdí àwọn méjèèjì ti gbẹ́ kòtò sí, kòtò méjì tó jinlẹ̀ débi pé òjò ì bá dá adágún síbẹ̀ ká ní òrùlé ń jò.

Ìgbà tí Ọ̀gá Àgbà, ẹni tó ni ilé iṣẹ́ náà, fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún ọmọ rẹ̀, ọmọ náà, tí wọ́n ń pè ní Ọ̀gá Kékeré, kó gbogbo wọn jọ.

"Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin bàbá mi, láti òní lọ, ẹsẹ̀ yín máa sinmi."

Ó na fóònù sókè. Áàpù kan ni. Ojú ìwé kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀, kálukú á sì máa ṣí i lórí fóònù tirẹ̀. Ohun tí ẹnì kan bá kọ níbí, gbogbo àwọn yòókù á rí i lójú ẹsẹ̀. Iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ìlà tirẹ̀, ìlà kọ̀ọ̀kan ní àpótí kékeré níwájú. Bí iṣẹ́ bá ti tán, kí èèyàn fọwọ́ kan àpótí, máàkì á bọ́ sínú rẹ̀, ìlà náà á rì lọ sí ìsàlẹ̀ pátápátá, níbi tí wọ́n kọ "Ó ti parí" sí. Orúkọ ẹni tó máàkì rẹ̀ á sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ sọ ọ́ ní Ìwé Àjọkọ.

Baba Fèrèsé nawọ́. "Bí mo bá ṣi ìwọ̀n kọ ńkọ́, ṣé gbogbo yín lẹ máa rí i?"

"Gbogbo wa, Baba."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Tẹ́lẹ̀, Àǹtí nìkan ló ń bú mi."

Àwọn yòókù ráhùn títí, àfi akọ̀wé. Ìwé Àjọkọ wọ̀ ọ́ lára bí ìbọ̀sẹ̀. Inú rẹ̀ máa ń dùn bí ìlà bá rì. Àtàǹpàkò rẹ̀ yá débi pé àwọn àpótí mìíràn ti ń máàkì ara wọn bí wọ́n bá ti gbóhùn rẹ̀ lókè. Nílé, ọkọ rẹ̀ á ní, "O ò tíì jẹun o," òun á ní, "Mo ti rí i," láì gbójú sókè. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ ní Ti-Parí nìyẹn.

Alábẹ́rẹ́ ní tirẹ̀ ò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ìlà kúkúrú. Bó ṣe ń sọ̀rọ̀ náà ló ṣe ń kọ̀wé. "Kọ́tìnì pupa ti délẹ̀, àmọ́ ẹ bá mi sọ fún ìyá yẹn pé fèrèsé rẹ̀ ló wọ́, kì í ṣe ọwọ́ mi. Ọ̀rẹ́ mi, orúnkún ńkọ́?"

Akọ̀wé dá a lóhùn níbẹ̀, lójú gbogbo ayé: "Iṣẹ́ nìkan la ń kọ síbí o."

Alábẹ́rẹ́ kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀: "Níbo ni ká wá máa kọ ìyókù sí?"

Akọ̀wé máàkì ìyẹn náà.

Láti ìgbà náà, Alábẹ́rẹ́ ò tún rí ìdí gun àtẹ̀gùn. Eruku bo bẹ́ǹṣì. Akọ̀wé gbé ìwé àtijọ́ lé kòtò kan, ó gbé ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ tó ti bàjẹ́ lé ìkejì.

Lọ́jọ́ kan ni akọ̀wé dé láàárọ̀, tó wo ojú ìwé, tó rí i tí Alábẹ́rẹ́ kọ ọ́ pé, "Kọ́tìnì ilé dókítà ti parí..." Ojú fóònù kì í fi ju orí ìlà hàn. Bí èèyàn bá fẹ́ ka ìyókù, àfi kó ṣí i. Akọ̀wé ò ṣí i. Ó ti rí "ti parí", kí ló tún kù? Ó máàkì rẹ̀, ìlà náà rì, ó sì mu tíì rẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó ní ohun kan tí òun fẹ́ béèrè tí Alábẹ́rẹ́ ò dáhùn lójú ìwé. Ó sọ̀kalẹ̀ tìbínú-tìbínú. Wọ́n ti fi aṣọ bo ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Àwọn aránṣọ yòókù tẹjú mọ́ abẹ́rẹ́ wọn bí ẹni pé abẹ́rẹ́ fẹ́ sá lọ.

"Alábẹ́rẹ́ dà?"

"Ó ti lọ, mà. Ó ti kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀."

"Láìdágbére fún mi?"

Akọ̀wé gòkè padà. Ó ní òun ò ní pè é lórí fóònù, àfi kí ó kọ́kọ́ pe òun. Gbogbo ìgbà òjò yẹn ló fi ń rò ó lẹ́jọ́ fún ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ àti ẹni tí kò fẹ́. Aláìmoore. Ẹni tá a jọ pọn ọmọ! Ó rò ó fún oníbàárà tó wá sanwó, oníbàárà gbàgbé ṣéńjì rẹ̀.

Baba Fèrèsé ni ara rẹ̀ ò gbà á mọ́. Ó wá mú kọ́kọ́rọ́ lókè lọ́jọ́ kan, akọ̀wé sì tún bẹ̀rẹ̀.

"Àǹtí, ó tó. Ojú ò tì yín? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máàkì rẹ̀ dànù lẹ tún ń bú u."

"Ta ni mo máàkì?"

Baba wò ó bóyá ó ń ṣeré ni. Ó fa ojú ìwé lọ sí ìsàlẹ̀ pátápátá, ó ṣí ìlà kan, ó gbé fóònù sí i níwájú.

"Kọ́tìnì ilé dókítà ti parí. Ọ̀rẹ́ mi, ọmọ mi ti gba ilé sí ìlú kejì, ó ní kí n wá máa bá òun gbé. Mi ò tíì dá a lóhùn. Bí o bá ní kí n dúró, màá dúró. Sọ̀kalẹ̀ wá sọ ọ́ fún mi."

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà náà ni orúkọ akọ̀wé wà: òun ló ní ó ti parí.

Àǹtí Ti-Parí kà á, ó tún un kà, ètè rẹ̀ ń mì bí ti ọmọ ilé ìwé.

"Gbogbo yín lẹ ti ka eléyìí?"

"Ìwé Àjọkọ ni. A jọ kà á."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ fún mi?"

"A rò pé èsì yín nìyẹn. Àwọn aránṣọ sunkún lọ́jọ́ yẹn, Àǹtí."

Ọ̀gá Kékeré gbọ́, ó sáré wọlé. "Kò le rárá, mà. Ẹ tún àpótí yẹn tẹ̀, máàkì á kúrò." Akọ̀wé tẹ̀ ẹ́. Lóòótọ́, máàkì kúrò, ìlà náà gbéra láti ìsàlẹ̀, ó jókòó sókè ténté bí ẹni pé ìṣẹ́jú yẹn ni wọ́n kọ ọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n ti yọ Alábẹ́rẹ́ kúrò lójú ìwé lọ́jọ́ tó lọ. Gbogbo ayé ló rí ìlà náà àfi ẹni tó kọ ọ́.

Akọ̀wé gbé báàgì rẹ̀. Ó wọkọ̀ lọ sí ìlú kejì, fóònù rẹ̀ wà ní pípa nínú báàgì.

Ọmọ Alábẹ́rẹ́, ẹni tí akọ̀wé ti pọ̀n rí, tó sì tọ̀ sí i lẹ́yìn, ló ṣílẹ̀kùn. Ó kúnlẹ̀, ó sì rọra ti fóònù tirẹ̀ sábẹ́ ìrọ̀rí. "Ẹ káàbọ̀, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má máàkì wa o. A ṣì ń san owó ilé yìí lọ́wọ́."

Alábẹ́rẹ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó ń ṣẹ́ etí aṣọ. Kò gbójú sókè. Ó ti rù.

"Mo dúró ní ìdí àtẹ̀gùn lọ́jọ́ yẹn," ló ní. "Bí ilẹ̀kùn òkè bá ti dún, màá wòkè. Baba Fèrèsé sọ̀kalẹ̀. Ológbò sọ̀kalẹ̀."

"Kí ló dé tí ìwọ náà ò gòkè wá?"

"Mo ti kọ ọ́." Ó fi eyín já òwú. "Èmi náà ti ya ọ̀lẹ."

"Mi ò kà á."

"O máàkì rẹ̀."

"Kọ́tìnì dókítà ni mo rí."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Alábẹ́rẹ́ kó tó rántí pé òun ń bínú. Ẹ̀rín náà ò pẹ́. "Mo ti ra bẹ́ẹ̀dì síbí," ló ní. "Ọmọ ti kun yàrá fún mi. Mi ò lè padà mọ́."

"Mo mọ̀."

"Sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ náà sókè, kí ọmọ yìí gbọ́. Òun ló ń kó ìròyìn rẹ kiri."

Àǹtí Ti-Parí yíjú sí ọmọ tó ti pọ̀n rí.

"Ọlọ́dẹ wà láàyè. Ológbò bímọ ni. Ìyá rẹ nìkan ni mo máàkì, mi ò sì kà á. Ká ní mo kà á ni, ǹ bá ti sọ̀kalẹ̀. Ǹ bá ti ní kó dúró."