Ọ̀já Tí Bàbá Sùlíyá Fi So Orí Mọ́ Ìjókòó

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fara balẹ̀ kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí lọ́nà Tápà, láyé ìgbà tí ọkọ mi ń wa ọkọ̀ akérò.

Nígbà náà, dírẹ́bà tó bá kọ́kọ́ dé ọjà Tápà ló ń kọ́kọ́ kó èrò padà sí Ìgbó-Ọrà. Eré sísá wá di iṣẹ́! Bàbá Sùlíyá, ọkọ mi, kì í gbà kí ẹnikẹ́ni ṣíwájú òun. Bó bá ti ń já kọ́nà, gbogbo wa á wọ́ sápá kan, orí á wúwo lọ́rùn bí ẹni ru àpò gàrí.

Ọrùn bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Mo fi àdí pa á, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó máa rọra sáré. Ó ní ṣé ọrùn adìyẹ ni mo rò pé òun ní ni?

Ó wá rí àwọn òyìnbó tó ń fi ọkọ̀ díje nínú tẹlifíṣọ̀n ará ilé wa. Ó ní wọ́n so ara wọn mọ́ ìjókòó, ìdí nìyẹn tí nǹkan kì í fi í ṣe wọ́n. Lọ́jọ́ ọjà, ó mú ọ̀já tí mo fi ń pọn Sùlíyá, ó fi gbá iwájú orí, ó so ó mọ́ ẹ̀yìn ìjókòó rẹ̀ pinpin. Àwọn èrò ń rẹ́rìn-ín. Èmi tí mo jókòó níwájú ò lè rẹ́rìn-ín.

A kọjá Ìdèrè. Ọkọ̀ kan ń fọn fèrè lẹ́yìn wa, ọkọ mi bá tún tẹná mọ́ ọn. Ó fi eré wọ kọ́nà kan tí koríko bò. Àfi bí katakata ṣe yọ láti ọ̀nà oko lápá òsì!

Mo pariwo pé, "Bàbá Sùlíyá, ẹ wo òsì!"

Orí ò lè yí! Ìgbà tó fi rí i, ó ti pẹ́ jù. Ó fa ìdarí ọkọ̀, ara rẹ̀ fò sápá kan, ọ̀já sì di orí mú. Inú oko ẹ̀gẹ́ la bá ara wa.

Ó ní, "Ìyá Sùlíyá, mi ò mọ ọrùn mi lára mọ́."

Ọlọ́hun ṣàánú, ẹnikẹ́ni ò kú. Ṣùgbọ́n ọrùn yẹn ò yí mọ́ títí dòní. Bí ẹ bá pè é, gbogbo ara ló fi ń yíjú sí yín.

Nígbà tí mo bí àbúrò Sùlíyá, àfáà gbé ọmọ lé e lẹ́sẹ̀ lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ. Gbogbo èèyàn ń wo ọmọ, bàbá ọmọ ń wo ògiri. Èmi ni mo gbé ọmọ sókè dé ojú rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, omijé sì ń bọ́ lójú rẹ̀.

Ẹ gbọ́ o, bí ara bá ń ro yín, ẹ má ṣe dè é lókùn, ohun tó ń mú un ro ni kí ẹ fi sílẹ̀. Ẹ̀yin ńkọ́? Ta lẹ bẹ̀ rí pé kó rọra, kí ló sì fi dá yín lóhùn? Ẹ sọ ọ́ fún wa, bóyá dírẹ́bà kan á gbọ́.