Ewúro Orí Bákónì

Lẹ́yìn ikú bàbá wa, màmá mi nìkan ló kù sílé ní Oǹdó. Nígbà tí wọ́n wá ṣubú lẹ́bàá kànga, tí ẹsẹ̀ wọn rọ́, tí kò sẹ́ni tó gbọ́ igbe wọn bọ̀rọ̀, mo lọ mú wọn wá sọ́dọ̀ mi ní Àkúrẹ́. Mo ti pinnu pé wọn ò ní padà lọ dá gbé mọ́. Àwọn ní tiwọn ò tíì gbà.

Òkè pẹtẹ́ẹ̀sì ni mò ń dá gbé, nítòsí Ọjà Ọba. Gbogbo ilẹ̀ tí mo ní ò ju bákónì kan tí èèyàn méjì ò lè dúró sí kí wọ́n má fara kanra. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni màmá mi, wọ́n sì fẹ́ràn oko ẹ̀yìnkùlé wọn. Wọ́n wo bákónì náà títí.

“Adìẹ mi ní Oǹdó ní àyè ju báyìí lọ.”

Mo ra ilẹ̀dú tí wọ́n kó wá láti Ìta-Ògbólú, a dà á sínú ike ọ̀dà àti àpò ìrẹsì. Wọ́n gbin tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ àti ata, wọ́n sì ń bá wọn wí láràárọ̀ bí ọmọ kíláàsì. Omi ń kán sórí aṣọ ìyá tó ń gbé nísàlẹ̀, ìyẹn sì ń pariwo. Màmá mi ń fi ẹ̀fọ́ ránṣẹ́ sí i, títí ìyá náà fi ń béèrè ìgbà tí omi tún máa kán.

Ṣùgbọ́n ewúro ni mò ń retí. Nílé tiwa, àlejò kì í gbin ewúro. Tẹ̀tẹ̀ ni tàlejò, kì í pẹ́ tó já, yóò jẹ ẹ́, yóò sì máa lọ. Ewúro kì í kú bọ̀rọ̀, ẹni tó bá ki igi rẹ̀ bọlẹ̀ ti gbà pé ibẹ̀ nilé òun. Òun ni màmá mi kọ́kọ́ gbìn nígbà tí bàbá mi gbé wọn níyàwó. Nídìí rẹ̀ la ti máa ń fọ abọ́ lọ́sàn-án, tí wọ́n á máa bi wá ní ìṣirò, ẹni tó bá ṣì í ni yóò fọ ìkòkò. Àárò ọ̀sán yẹn ṣì ń sọ mí.

Lọ́jọ́ kan, mo ti ibi iṣẹ́ dé, mo bá igi ewúro nínú ike tó tóbi jù. Inú mi dùn dé gongo. Mo ra ẹja tútù, mo sè é fún wọn, n ò sọ ìdí rẹ̀.

Nígbà tí ewé rẹ̀ tó já, wọ́n pè mí.

“Ewé ìsàlẹ̀ ni kó o máa kọ́kọ́ já. Bó bá ga jù, gé orí rẹ̀, yóò yọ ẹ̀ka.”

“Ẹ̀yin náà ṣáà wà níbí, mà.”

“Ilé làbọ̀ sinmi oko. Ẹsẹ̀ mi ti yá. Ọmọ àbúrò mi á máa bá mi gbé, mò ń lọ ní Sátidé.”

“Ṣebí ẹ ti gbin ewúro?”

“Ìwọ ni mo gbìn ín fún. Àtìgbà tó o ti wà nílùú yìí lo ti ń gbé ilé ara rẹ bí àlejò.”

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í já ewé, omijé sì ń bọ́ lójú mi. Mo ti ń pariwo pé wọn ò gbọ́dọ̀ dá gbé, àṣé èmi ni mi ò fẹ́ dá gbé mọ́.