Àlùbọ́sà Tó Hù Nínú Àpò

Ọmọ ọdún méje ló dójú tì mí lónìí.

Àbúrò mi, Bùkọ́lá, ní tẹ́ẹ̀sì sáyẹ́ǹsì lọ́la. Mummy ní kí n bi í ní ìbéèrè látinú nóòtù rẹ̀, lórí ohun ẹlẹ́mìí àti ohun tí kò lẹ́mìí. Ẹ mọ̀ pé JSS2 lèmi ti dúró nílé ìwé, síbẹ̀ mo ń ṣe bíi tíṣà.

"Òkúta ńkọ́?"
"Kò lẹ́mìí."
"Àlùbọ́sà?"
"Ó lẹ́mìí."

Mo gbá a lórí. "Olódo! Ṣé àlùbọ́sà máa ń jẹun ni?"

Ó fi ẹkún fà mí lọ sídìí àpò àlùbọ́sà tí Mummy ń tà lọ́jà Mile 12. "Sister mi, ẹ wò ó."

Ewé tútù ti yọ lórí wọn! Kò sí erùpẹ̀, kò sí omi. Mo gé ọ̀kan sí méjì, àárín gbùngbùn ni ewé ti ń bọ̀. Láti ọjọ́ tí mo ti ń gé àlùbọ́sà, mi ò wò ó bẹ́ẹ̀ rí.

Mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní ohun tóun máa kọ sínú tẹ́ẹ̀sì lọ́la nìyẹn, pé àlùbọ́sà lẹ́mìí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kàwé, ṣé tíṣà rẹ̀ máa gbà á fún un? Kí ni àlùbọ́sà tiẹ̀ ń jẹ nínú àpò yẹn?