Ewúrẹ́ tí mo gún lábẹ́rẹ́ kò ní wọ ìkòkò

Mo gbé ewúrẹ́ Bàbá, ẹ̀gbọ́n màmá mi, sá lọ lónìí, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa bú mi.

Àná ni mo gún un lábẹ́rẹ́ nílé wọn ní Ìlúpéjú, torí pé ó ń wúkọ́, kò sì jẹun. Nígbà tí mo padà dé lónìí, ewúrẹ́ ti ń jẹ èèpo iṣu, Bàbá sì ń pọ́n ọ̀bẹ. Wọ́n fẹ́ fi se ọbẹ̀ ata fún ọmọ wọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ.

Mo ní, "Bàbá, oògùn ṣì wà lára ẹran yìí."

"Ṣebí a ó sè é? Iná á pa oògùn."

"Iná kì í pa gbogbo ẹ̀, Bàbá. Ẹni tó ń fọ́mọ lọ́yàn ni yóò jẹ ẹ́."

"Ìwọ tí mo fọwọ́ ara mi mú lọ síbi iṣẹ́, ìwọ lo ń ṣòfin fún mi nínú ulé mi?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo tú okùn, mo gbé ewúrẹ́ sórí ọ̀kadà, mo lọ. Mo ti fi adìyẹ ránṣẹ́ sí ìyá ọlọ́mọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ṣẹ́ ìtọ́jú ẹran, abẹ́rẹ́ gígún kò le. Kí ẹ lè wo ojú àgbà kí ẹ sọ pé "kò tíì tó pa," iṣẹ́ gan-an nìyẹn.

Bàbá ń pè mí ṣáá. N kò ní dá a padà títí oògùn yóò fi kúrò lára ẹ̀.

Ta ló fẹ́ bá mi wí? Ẹ bọ́ síbí.