Orogún Ìyá Mi àti Ṣàkì Tí Wọ́n Fọ̀

Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, bí a ṣe kírun àsùbáà tán nílé wa ní Adéwọlé, mo gbé kúlà oúnjẹ kan sábẹ́ apá, mo kọrí sọ́nà gáà. Kúlà náà ṣófo. Koríko àjẹsínú tó wà nínú ṣàkì àgùntàn ni mo fẹ́ lọ gbé bọ̀. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín.

Àgùntàn kan ni Bàbá wa, tí gbogbo ayé ń pè ní Alájì, fi sílẹ̀ lọ. "Ìyàwó mi" ló máa ń pè é, Ìyá wa sì ń pè é ní "orogún mi". Yẹ̀yẹ́ ni, ṣùgbọ́n látìgbà tí Bàbá ti kú, Ìyá kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn fún un lómi. Ní ọ̀gbẹlẹ̀ yìí, ewé tútù kan ṣoṣo tó kù lẹ́yìnkùlé wa ni ti igi tí Bàbá gbìn ṣe ọgbà, èyí tí ewé rẹ̀ jọ ti igi irú. Orogún jẹ ẹ́ títí irun ara rẹ̀ fi ń re. Itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, kò sì jẹ àpọ̀jẹ mọ́.

Àbúrò mi Sàlámọ́tù, tó jẹ́ dókítà ẹran, ló là mí lóye. Ó ní igi náà fúnra rẹ̀ ló ń po májèlé sínú ewé rẹ̀, pàápàá èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ, kí ẹran má baà jẹ ẹ́ run. Mo yin igi náà gan-an: kò lè sá, kò lè jà, ló bá kọ́ oògùn ṣíṣe. Ṣùgbọ́n inú ṣàkì àwọn ẹran mìíràn, àwọn kòkòrò tín-tìn-tín tí ojú kò lè rí wà níbẹ̀ tí wọ́n ń tú májèlé náà ká. Orogún kò ní irú wọn, àfi ká gbé koríko inú ṣàkì ẹran tó ní wọn bọ̀ nínú kúlà, kó má baà tutù, ká fi fún un jẹ. Sàlámọ́tù mọ gáà kan lọ́nà Jẹ́bà tí àgùntàn wọn ń jẹ ewé yìí tí ara wọn sì ń dán. Wọ́n fẹ́ sọmọ lórúkọ lọ́jọ́ náà, wọn yóò pa ẹran. Ó bá mi pè wọ́n pé ẹ̀gbọ́n òun ń bọ̀ wá gba ṣàkì.

"Gáà ni mò ń lọ," ni mo wí fún oníkẹ̀kẹ́. Ó sáré gbé mi dé Gáà Àkànbí. Ilé alájà àti ṣọ́ọ̀bù ni mo rí.

"Níbo ni màlúù wà?" ni mo bi í.

"Màlúù kẹ̀? Àǹtí, ojú yín ò là o! Wọ́n ti kó màlúù kúrò níbí kí wọ́n tó bí mi."

Ẹ̀bi mi ni. Ibùdó àwọn Fúlàní darandaran ni gáà, ṣùgbọ́n Ìlọrin ti gbé ọ̀pọ̀ nínú wọn mì, ó ku orúkọ. A ṣẹ́rí padà sí ibùdókọ̀ Ṣàngó. Níbẹ̀, mo jókòó sínú ọkọ̀ títí tó fi kún, lẹ́yìn náà ni mo tún gun ọ̀kadà lójú ọ̀nà eléruku pupa kan. Oòrùn ti mú kí n tó débẹ̀.

"Jam," ni mo fi kí wọn, ìyẹn àlàáfíà lédè wọn. Inú wọn dùn. Màlàám Búbà, baálé gáà náà, tẹ́ ẹní fún mi, Hàjárà ìyàwó rẹ̀ sì gbé nọ́nọ̀ wá, wàrà kíkan tí wọ́n po mọ́ fùrá ọkà bàbà. Ó tutù, ó dùn. Wọ́n gbá ilẹ̀ wọn mọ́ ju ti àdúgbò wa lọ, àgùntàn wọn sì sanra débi pé mo ń jowú.

Mo bèèrè ṣàkì. Hàjárà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó gbé abọ́ kan wá. Ṣàkì ló wà níbẹ̀ lóòótọ́, ó funfun báláú.

"Omi gbígbóná ni mo fi fọ̀ ọ́," ló wí. "Ṣé àlejò bíi yín ni mo fẹ́ fún ní ìdọ̀tí?"

Omi bọ́ lójú mi. Ìdọ̀tí yẹn gan-an ni mo wá gbà, ó sì ti dà á nù tipẹ́! Mo ṣí kúlà mi hàn wọ́n, mo ròyìn Orogún àti Ìyá fún wọn. Hàjárà fọwọ́ bo ẹnu. Màlàám Búbà dìde, ó wọ àárín ẹran rẹ̀, ó fa abo àgùntàn kan jáde.

"Ti èyí, a ò tíì fọ̀ ọ́," ló wí. "Ẹ mú un lọ. Kí wọ́n jọ máa jẹun, kí wọ́n jọ máa mumi. Bí tiyín bá yá, ẹ dá a padà."

"Màlàám, ẹ ò mọlé mi o!"

"Mo ti mọ ohun tó ń pa yín lẹ́kún."

Mo pe Sàlámọ́tù lórí fóònù. Ó kígbe ayọ̀, ó ní ìyẹn dára ju kúlà lọ, pé inú omi àti oúnjẹ tí wọ́n bá jọ ń pín ni àwọn kòkòrò náà yóò gbà kọjá.

Awakọ̀ gba owó èrò lọ́wọ́ àgùntàn náà, mo sì san án tayọ̀tayọ̀. Nígbà tí mo fà á wọlé ní Adéwọlé, Ìyá wò ó tìkà-tẹ̀gbin.

"Alájì ti kú, ẹ tún ń fẹ́yàwó fún wọn?"

Síbẹ̀ òun ló bu omi sí ọpọ́n kan ṣoṣo fún àwọn méjèèjì. Sàlámọ́tù ní ká dín ewé náà kù ná, ká máa fi èèpo iṣu kún un. Ẹ̀rù ṣì ń bà mí. Mo ti rìnrìn àjò gan-an láyé mi, ṣùgbọ́n n kò tíì rí ibi tí àwọn tí kò mọ̀ mí rí ti fọkàn tán mi tó bẹ́ẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo gbọ́ ohùn Ìyá lẹ́yìnkùlé. Mo sáré jáde. Ó jókòó sáàárín àwọn àgùntàn méjèèjì, Orogún ń jẹ àpọ̀jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, Ìyá ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún.

"Alájì," ló ń wí, "ẹ fọkàn balẹ̀ o. Àwa ìyàwó yín ti jẹun."