Imọ̀ Ọ̀pẹ Tó Wà Lókè Ilẹ̀kùn Wa

Ní ọjọ́ tí ìyá ìyàwó mi wá láti Ìyìn nítorí imọ̀ ọ̀pẹ, mo ti pinnu pé n kò ní í fún un.

Bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà níwájú ilé wa ní Òkè-Ìlá ló ti ń wo òkè ilẹ̀kùn. Imọ̀ náà wà níbẹ̀, ó ti gbẹ, ó ti pọ́n bí ewé tábà. Ìyàwó mi ló há a síbẹ̀ ní Ọjọ́ Ìsinmi Ọ̀pẹ tó kọjá, lẹ́yìn tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ hun ún ní àgbélébùú. Bí àwa Kátólíìkì ṣe ń ṣe é nìyẹn: imọ̀ tí Fadá bá wọ́n omi mímọ́ sí, a ó gbé e lọ sílé, yóò wà lókè ilẹ̀kùn títí ọdún yóò fi yípo. Bí Ọjọ́rú Eérú bá kù díẹ̀, a ó kó o padà sí ṣọ́ọ̀ṣì kí wọ́n sun ún. Eérú rẹ̀ ni wọ́n ń fi sí wa níwájú orí.

Nígbà tí ìyàwó mi há tirẹ̀, ara rẹ̀ le. Nọ́ọ̀sì ni. Àsìkò òjò ni àìsàn dá a dùbúlẹ̀. A gbàdúrà. Àwọn obìnrin ìjọ ń wá ka Ròsárì létí ibùsùn rẹ̀, wọ́n ń sọ pé, "Ẹ fọkàn balẹ̀, ó máa dìde." Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀. Kí Kérésìmesì tó dé, a ti sin ín.

Láti ìgbà ìsìnkú ni n kò ti wọ ṣọ́ọ̀ṣì mọ́. N kò bá ẹnikẹ́ni jà. Iṣẹ́ ìròyìn ni mo fi gbogbo ayé mi ṣe. Mo mọ bí a ṣe ń bi olóṣèlú ní ìbéèrè títí yóò fi làágùn. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí mo fẹ́ bi Ọlọ́run, kò sí ọ́fíìsì tí mo lè lọ dúró sí dè É. Mo wá ń rò ó pé bóyá kò tiẹ̀ sí ẹnikẹ́ni nínú ọ́fíìsì náà.

Màmá mu omi tí mo gbé fún un tán.

"Bá mi sọ ọ́ kalẹ̀," ó ní. "Ọwọ́ mi ò tó o."

"Mà, ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ló hun ún."

"Ṣebí ọwọ́ rẹ̀ náà ló rán aṣọ fèrèsé yìí. Òun náà ńkọ́, ṣé wàá gbé e kọ́ òkè ilẹ̀kùn?"

Ohùn tí mo máa ń fi bi àwọn tí iná jó ilé wọn ni mo fi bi í, nítorí n kò ní ohùn míì.

"Mà, ṣé ẹ ṣì gbà pé Ọlọ́run ń gbọ́?"

Ó wò mí. "Ṣé orí rédíò ni mo wà báyìí ni?"

"Rárá, mà."

"Ó dáa, torí ohun tí mo fẹ́ sọ kò ṣeé gbé sórí rédíò." Ó tún ìborùn rẹ̀ wé. "Mo máa ń bá A jà. Tí mo bá ń lọ sóko láàárọ̀, mo ń bá A jà lójú ọ̀nà. Mo ní, èmi arúgbó rèé, orúnkún ń dùn mí, O rí mi, O fi mí sílẹ̀, ọmọ mi lO mú. Ìyàwó ilé wa kan gbọ́ ọ, ó rò pé orí mi ti dàrú."

"Kí ni Ó sọ?"

"Kò tíì sọ nǹkan kan."

"Kí ló dé tí ẹ ṣì ń bá A sọ̀rọ̀?"

"Akọ̀ròyìn," bó ṣe ń pè mí nìyẹn tí mo bá ti dá a lágara, "ta ni í dúró lẹ́nu ọ̀nà ulé òfìfo kó máa jà? Tí mo bá mọ̀ pé kò sẹ́ni nínú ulé, ṣebí mi ò bá ti bá tèmi lọ." Ó yíjú sí mi. "Ìwọ tó ò jà, tó ò sì wọlé, ìwọ lo ń bà mí lẹ́rù."

Ó fi etí ìborùn nu ojú, ó ní eruku ọyẹ́ ni.

Mo gun àga, mo sọ imọ̀ náà kalẹ̀. Nígbà tí mo nà án sí i, kò gbà á.

"Tèmi ti wà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ìyìn. Tìrẹ nìyẹn. Ìwọ lo máa gbé e lọ."

Mo gbé e lọ. Lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, katikíìsì, olùkọ́ ìjọ wa, ń kó imọ̀ àwọn èèyàn sínú agbada irin àtijọ́ kan. Ó kí mi, kò bi mí níbi tí mo ti wà. Mo bẹ̀ ẹ́ pé bóyá ó lè sun tèmi lọ́tọ̀.

"Sà," ó ní, "iwájú orí gbogbo wa náà ló ń lọ."

Mo fi í sí àárín àwọn yòókù. Kò pẹ́ rárá kó tó jó tán.

Ní Ọjọ́rú, ẹ̀yìn pátápátá ni mo jókòó sí. Nígbà tí Fadá fi eérú sí mi níwájú orí, mo padà sí àyè mi, mo ń wo àwọn tó ń kọjá: ọmọdé, arúgbó, nọ́ọ̀sì kan tó wá nínú aṣọ iṣẹ́. Eérú wà lórí gbogbo wọn, n kò sì lè mọ èyí tó wá láti ara imọ̀ ìyàwó mi.

Lẹ́yìn Mísà, mo bi Ọlọ́run ní ìbéèrè mi, mo sì fi ìbínú bi Í. Kò dáhùn. Àwọn obìnrin ti ń gbálẹ̀. Mo sún ẹsẹ̀ mi fún ìgbálẹ̀ wọn, mo tún bi Í.