Àgò fún Jẹnẹrétọ̀ Méjì

Nígbà tí màmá mi kó wá sọ́dọ̀ mi ní Ìpọ̀nrí, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n bi mí ni ìdí tí mo fi ti fèrèsé yàrá wọn pa, tí mo tún fi àkísà dí etí rẹ̀. Ikọ́ fée ti ń yọ wọ́n lẹ́nu tipẹ́, bẹ́ẹ̀ abẹ́ fèrèsé yẹn gan-an ni jẹnẹrétọ̀ wà, tèmi àti ti aládùúgbò wa tó ń gbé ìsàlẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní Ẹ̀gbọ́n. Bí iná bá ti lọ, èéfín méjèèjì á gba ara ògiri gòkè tọ̀ wọ́n lọ, àkísà ò dá a dúró. Mi ò sì lè ṣe kí n má tan tèmi, torí ẹ̀rọ tí màmá fi ń fa oògùn símú nígbà tí àyà wọn bá há kì í ṣiṣẹ́ láìsí iná. Ọ̀rọ̀ náà bí mi nínú gan-an.

Nínú ọgbà wa, abẹ́ fèrèsé ara rẹ̀ ni kálukú ń fi ṣéènì de jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ mọ́, kó lè máa gbúròó rẹ̀ látorí ibùsùn. Mo pinnu pé tèmi á kúrò níbẹ̀. Mo lọ bá wẹ́dà kan ní Mushin, mo ní kó ṣe àgò irin tó ní òrùlé páànù fún mi, tí n óò gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì, níbi tí kò sí fèrèsé ẹnikẹ́ni. Nígbà tó wọn tèmi tán, mo ní kó fẹ̀ ẹ́ kó gba méjì. Ó bi mí bóyá mo fẹ́ ra òmíràn ni. Mo ní rárá, ti aládùúgbò mi ni, òun fúnra rẹ̀ ni kò tíì mọ̀.

Ẹ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín títí nígbà tó gbọ́.

“Àǹtí Tíṣà, ẹ fẹ́ kí n gbé jẹ́nẹ́ mi lọ fún olè ní géètì? Wọ́n ti jí ọ̀kan gbé mọ́ mi lọ́wọ́ rí o. Èmi kọ́, abeg.”

Mi ò bá a wí. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Nígbà tí àgò náà dé, tèmi nìkan ni mo gbé sínú rẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò fi í sílẹ̀. Ohùn pẹ̀lẹ́ ní í yọ obì lápò, nítorí náà láràárọ̀ tí mo bá ń lọ síléèwé, n óò kí i, n óò sì fi kún un pé, “Ẹ̀gbọ́n, àyè yín ṣì wà níbẹ̀ o.”

“Kó máa wà níbẹ̀,” ni yóò fèsì.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan, iná lọ. Ẹ̀gbọ́n tan tirẹ̀ kíákíá torí bọ́ọ̀lù tó ń wò. Kò pẹ́, àyà màmá há. Mo sáré dé géètì, mo fa okùn, jẹnẹrétọ̀ mi ò dáhùn. Mo fà á títí àtẹ́lẹwọ́ mi fi bó. Ẹ̀gbọ́n jáde.

“Ẹ fa wáyà yín wá sára tèmi, jàre!”

“Ẹ̀gbọ́n, èéfín tiyín ló wà lọ́rùn màmá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa á.”

Ó gbójú sókè wo fèrèsé, ó sì lọ pa á. Ọgbà pa rọ́rọ́, àwa méjèèjì wá ń gbọ́ bí màmá ṣe ń jà fún èémí. Ẹ̀rù bà mí, ṣùgbọ́n mo mú sípánà, mo tú púlọ́ọ̀gì tó ń ṣáná fún un. Ó dúdú bí ìdí ìkòkò. Mo fi sáńpépà ha á, mo fi etí ìró mi nù ún, mo dá a padà. Mo sọ fún ẹ̀rọ náà pé kò ní dójú tì mí lónìí. Mo fà á, ó kọ̀. Mo tún fà á, ó gbà. Mo sáré gòkè, mo di ẹ̀rọ oògùn mú sí màmá nímú títí èjìká wọn fi rọlẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo gbọ́ tí nǹkan ń wọ́ lórí kọnkéré. Ẹ̀gbọ́n ni, òun àti jẹ́nẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú ṣéènì lọ́rùn àti àgádágodo tuntun lọ́wọ́.

“Àǹtí Tíṣà, àyè mi dà?”

Mo bá a tì í wọnú àgò. A ò tíì tì í tán tí nǹkan fi dún gbàgà lókè. Màmá ti yọ àkísà, wọ́n ti ṣí fèrèsé gbayawu, wọ́n yọrí síta.

“Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ mi, Olúwa á máa ṣọ́ ọ fún yín, olè ò ní débẹ̀!”

Èémí kan ṣoṣo ni wọ́n fi sọ gbogbo rẹ̀.